Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ìbòrí Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Tí Kò Ní Í Jẹ́ Kí Òjò Ba Ẹrù Yín Jẹ́

Ìbéèrè tí àwọn onípíkọ́ọ̀pù ń bi wá kì í yí padà: "Ìbòrí wo ni mo lè rà tí ẹrù mi ò fi ní í tutù mọ́?" Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìbòrí tó lè dá omi dúró pátápátá fúnra rẹ̀. Òkè nìkan ni ìbòrí ń bò, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kì í sì í ṣe àpótí. Ihò wà nílẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde, àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, igun iwájú náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dí. Ẹni tó ra ìbòrí olówó gọbọi tí kò ṣe nǹkan kan sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yóò ṣì bá omi nílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ bí òjò ńlá bá rọ̀.

Iṣẹ́ méjì ló wà níwájú yín, nígbà náà: kí ẹ yan ìbòrí tó bá ọkọ̀ àti ẹrù yín mu, kí ẹ sì dí àwọn àlàfo tí ọwọ́ ìbòrí ò tó. Ẹ má ṣe ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìwọ̀nyí

- Ẹrù wo lẹ ń kó jù? Ṣé èyí tí ẹ̀kán omi kan lè bà jẹ́ ni, bí ìwé, sìmẹ́ǹtì tàbí ẹ̀rọ, àbí èyí tí a lè nù gbẹ, bí irinṣẹ́, táyà àti igi?
- Ṣé ẹ sábà máa ń kó ẹrù tó ga ju etí ọkọ̀ lọ?
- Ṣé abẹ́ òrùlé ni ọkọ̀ ń sùn, àbí ìta gbangba?
- Ṣé ọ̀nà eruku lẹ ń gbà?
- Ṣé yìnyín máa ń bọ́ níbi tí ẹ ń gbé?
- Ṣé olè náà wà lára ohun tí ẹ ń sá fún?

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Bí ẹrù yín bá ṣeé nù gbẹ, ìbòrí aláṣọ tó dára ti tó yín. Bí ẹ̀kán omi kan bá lè dá gbèsè sí yín lọ́rùn, ìbòrí líle ni kí ẹ wò, kí ẹ sì fi owó rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kún owó tí ẹ ń tọ́jú. Ohun tí ẹ ń kó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kọ́ ló yẹ kó pinnu èyí. Ohun tí ẹ ń kó lójoojúmọ́ ni.

## Bí ẹ ṣe máa wọn ẹ̀yìn ọkọ̀

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ford F-150, fún àpẹẹrẹ, máa ń ní ibi ìkẹ́rù oríṣi mẹ́ta: ẹsẹ̀ bàtà 5.5, 6.5 àti 8. Ti Toyota Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tó nǹkan bíi mítà 1.5, ti onílẹ̀kùn méjì sì gùn jù ú lọ dáadáa. Ọkọ̀ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí wọ́n jáde lọ́dún kan náà, síbẹ̀ kí ìbòrí ọ̀kan má wọ èkejì. Téèpù ìwọ̀n ni kí ẹ gbàgbọ́.

1. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti inú ògiri iwájú, ìyẹn èyí tó wà lẹ́yìn gíláàsì awakọ̀, títí dé inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òkè ni kí téèpù gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kì í ṣe ilẹ̀.
3. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan sí èkejì. Ẹ ṣe é níwájú, kí ẹ tún ṣe é lẹ́yìn.
4. Ẹ fa téèpù láti igun iwájú kan sí igun ẹ̀yìn tó kọjú sí i ní ìdábùú, kí ẹ ṣe bákan náà fún igun méjì tó kù. Ó yẹ kí ìwọ̀n méjèèjì bára mu. Bí wọ́n bá fi gbangba yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí. Ìbòrí líle kò ní í jókòó dáadáa lórí irú etí bẹ́ẹ̀. Ti aláṣọ ló máa ń gbà á mọ́ra.
5. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é àti iye ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀.
6. Ẹ fi ọwọ́ tọ etí náà yí ká, kí ẹ wo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ìtẹ́lẹ̀ oníke tó yí kọjá sórí etí sínú ọkọ̀ yín, kílámpù ìbòrí, ìyẹn ohun tí a fi ń dì í mọ́ etí ọkọ̀, ò ní rí irin dì mú, àfi kí ẹ gé ojú ibẹ̀ díẹ̀ kúrò. Ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fín mọ́ ara irin kì í ní wàhálà yìí. Àwọn ọkọ̀ kan, bíi Toyota Tacoma, máa ń ní irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú tí a fi ń so ẹrù. Ìbòrí tí ìdè rẹ̀ bá irin náà mu ni kí ẹ béèrè. Bí irin ààbò bá dúró lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀pọ̀ ìbòrí ni kò ní lè kọjá lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n dìídì gé fún un ni kí ẹ wá. Bí àpótí irinṣẹ́ bá jókòó níwájú ibi ìkẹ́rù, ìbòrí tó kúrú sí i lẹ nílò.

## Oríṣi ìbòrí, àti bí òjò ṣe ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan

Aláṣọ tí a ń ká. Aṣọ vinyl, ìyẹn aṣọ oníke, ni lórí férémù alumíníọ̀mù. Ó fúyẹ́, ẹnì kan ṣoṣo lè gbé e, ẹ sì lè ká a lọ sẹ́yìn gíláàsì bí ẹrù gíga bá dé. Ooru máa ń mú un rọ̀, òtútù máa ń mú un sún kì. Ibi tó ti ń kùnà ni pé omi máa ń dúró lórí rẹ̀ bó bá ti dẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: lórí ìbòrí tó jẹ́ mítà 1.5 níbùú àti lóròó, omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà kan péré ti lé ní lítà 22, ìyẹn ju kílò 22 lọ. Ìwúwo yẹn á tún tẹ aṣọ náà wọlẹ̀, omi mìíràn á sì kún un. Èyí tó ní ohun ìfaṣọle, tí ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ sókè láàárín kí omi lè ṣàn dànù, ni kí ẹ rà.

Aláṣọ tí a ń ṣẹ́ sí mẹ́ta. Ìwà rẹ̀ kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ó tètè ń wọ ọkọ̀, ó sì tètè ń bọ́, ìyẹn dára fún ẹni tó ń yọ ọ́ lóòrèkóòrè.

Líle tí a ń ṣẹ́. Pátákó alumíníọ̀mù tàbí ti oníke tó lágbára ni wọ́n fi ṣe é, rọ́bà ló sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀bẹ kò lè ya á, òjò kì í dúró lórí rẹ̀. Oríkèé tó so pátákó pọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí ibẹ̀ ni rọ́bà ti máa ń kọ́kọ́ sán. Ẹ béèrè bóyá ó ṣeé ṣẹ́ lọ dé ẹ̀yìn gíláàsì tàbí ìdajì ni ó mọ, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò dí ojú gíláàsì ẹ̀yìn tàbí iná bíréékì òkè nígbà tó bá wà ní ṣíṣẹ́.

Èyí tí ń fà wọ inú àpótí rẹ̀. Ó rọrùn láti lò ju gbogbo wọn lọ: ẹ fà á, ó ṣí, ẹ tì í, ó pa. Àmọ́ àpótí tó ń wọ̀ náà ń gba àyè níwájú ibi ìkẹ́rù, ó sì lè tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ojú irin tó ń rìn lórí rẹ̀ máa ń gba omi díẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so páìpù kékeré mọ́ igun rẹ̀ láti da omi náà sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí ewé tàbí eruku bá dí páìpù yẹn, inú ọkọ̀ ni omi ń yà sí.

Aláwẹ́ kan. Fiberglass, ìyẹn ike tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì mú le, ló sábà máa ń jẹ́, ó sì ń ṣí sókè bíi ìdérí àpótí. Kò ní oríkèé láàárín, nítorí náà òun ni òjò ń rí àyè gbà lára rẹ̀ kéré jù. Àléébù rẹ̀: ó wúwo, èèyàn méjì ló ń gbé e, ẹrù tó ga ju etí lọ kò sì lè wọlé àfi bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ sílé.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan fún ẹni tó ń kó ẹrù oríṣiríṣi, líle tí a ń ṣẹ́ ni màá mú. Bí ẹrù yín bá jẹ́ ẹ̀rọ tàbí ìwé tí kì í ga, aláwẹ́ kan ni, kò sí àníàní.

## Ibi tí omi ń gbà wọlé

Ẹ ka ìpín yìí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ohun tó wà níbí kì í sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ìbòrí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ fura sí nìyí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fà wọlé, ó sì ń fa eruku àti omi tí táyà ń ta sókè gba àlàfo ilẹ̀kùn náà. Èyí ló fà á tí ẹrù fi lè kún fún eruku nígbà tí òkè dí pa. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ń tà fún èyí, lọ́tọ̀ sí ìbòrí. Bí ẹ ṣe máa lẹ̀ ẹ́:

1. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá fa bébà náà. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, àlàfo wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é yí ká, kí ẹ fi ẹfun sàmì síbi tó bá ti yọ.
2. Ẹ fi ọṣẹ fọ ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ rọ́bà mọ́, kí ẹ fi sípírítì nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀. Bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ò ní mú.
3. Ẹ lẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó lẹ ìsàlẹ̀. Ẹ má fa rọ́bà gùn bí ẹ ti ń lẹ̀ ẹ́. Bó bá padà sún kì, igun á ṣí.
4. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Bó bá le jù láti tì, rọ́bà yín nípọn jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi agbára gbá a, ìdè ilẹ̀kùn lè bàjẹ́.

Bí ẹ bá ti dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tán, ẹ rí i dájú pé àwọn ihò ilẹ̀ ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Omi tó bá ṣèèṣì wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Igun iwájú méjèèjì. Níbi tí irin ẹ̀gbẹ́ ìbòrí ti pàdé ògiri iwájú, ihò kékeré kan sábà máa ń ṣẹ́ kù. Fóòmù tó wà nínú páálí ìbòrí wà fún ibẹ̀. Bí kò bá kún ihò náà tán, ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkónì díẹ̀ kún un.

Ihò orí etí. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ní ihò onígun mẹ́rin lórí etí, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀pá. Lára ọkọ̀ mìíràn, omi tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ń já sínú ibi ìkẹ́rù gan-an. Ìdérí oníke kékeré ti tó o.

Kí ẹ sì mọ ìyàtọ̀ láàárín jíjò àti òógùn. Bí ẹ bá kó ẹrù tutù sábẹ́ ìbòrí tí ẹ sì gbé ọkọ̀ sínú oòrùn, ooru á fa omi náà sókè, á mú mọ́ abẹ́ ìbòrí, á sì máa kán padà sórí ẹrù. Rọ́bà tuntun kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ ṣí ìbòrí kí afẹ́fẹ́ wọlé.

## Ohun tí ẹ máa wò lára ìbòrí kí ẹ tó sanwó

- Rọ́bà etí: ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó padà sípò lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà EPDM, irú rọ́bà àtọwọ́dá kan, máa ń fara da oòrùn ju fóòmù lásán lọ. Fóòmù tí ojú rẹ̀ ṣí ń mumi.
- Igun rọ́bà: ṣé wọ́n so ó pọ̀ ni, àbí wọ́n kàn gbé ẹnu méjì kora?
- Bóòtù àti nọ́ọ̀tì: èyí tí kì í dógùn-ún ni kó jẹ́.
- Ìwúwo tó lè gbà: bí yìnyín bá ń bọ́ níbi tí ẹ wà, ẹ ka iye tí ilé-iṣẹ́ kọ. Ìwúwo tó tẹ́ káàkiri ni wọ́n máa ń sọ, kì í ṣe ti ẹni tó dúró sójú kan.
- Ìwé ìdánilójú: ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ omi tó wọlé. Òmíràn ń dáàbò bo aṣọ àti ọ̀dà nìkan.
- Rọ́bà àfirọ́pò: ṣé wọ́n ń tà á lọ́tọ̀? Bí wọn ò bá tà á, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó rà.

## Bí ẹ ṣe máa fi í sí ọkọ̀

1. Ẹ fọ etí ọkọ̀, kí ẹ nù ún gbẹ.
2. Bó bá jẹ́ aláṣọ, ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀ kó rọ̀. Bí ẹ bá fi í sí i nínú òtútù, ẹ máa jà á dé ibi ìdè.
3. Ẹ gbé irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sípò, kí ẹ di kílámpù wọn mú díẹ̀, ẹ má tíì fún un le.
4. Ẹ tẹ́ ìbòrí lé e. Ẹ rọra ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ wo bóyá àlàfo ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba.
5. Ẹ wá fi sípánà fún kílámpù le díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fún un ju bó ṣe yẹ lọ, etí ọkọ̀ á tẹ̀, ibi tó tẹ̀ yẹn á sì di ojú omi.
6. Ẹ so páìpù omi bó bá ní, kí ẹ rí i pé ó dà sí ìta, kò sì ká kò níbì kankan.
7. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tún yẹ gbogbo kílámpù wò. Ìgbọ̀n ojú ọ̀nà máa ń tú wọn.

Bí ẹ bá lè yẹra fún ìbòrí tó nílò kí ẹ lu ihò sára ọkọ̀, ẹ yẹra fún un. Bó bá di dandan, ẹ fi ọ̀dà tó ń dènà ìdógùn-ún kun ojú ihò náà kí bóòtù tó wọ̀ ọ́.

## Ẹ dán an wò kí òjò tó dán an wò fún yín

Ní alẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa sínú ibi ìkẹ́rù, kí ẹ pa ìbòrí àti ilẹ̀kùn dé, kí ẹ wá rìn yí ọkọ̀ ká. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, omi náà á gba ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ sílẹ̀ ibi ìkẹ́rù. Ẹ fi họ́ọ̀sì da omi bí òjò. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè: ẹ dúró, ẹ ṣí i wò, kí ẹ tó bọ́ sí ibi tó kàn. Bí ẹ bá da omi sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wọlé. Ẹ tún un ṣe nígbà tí imú ọkọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí omi tó dúró lórí ìbòrí á ṣàn lọ síwájú, igun tí ẹ rò pé ó dí lè tú àṣírí ara rẹ̀.

Ẹ má lo ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń fi agbára tú omi fún àyẹ̀wò yìí. Kò sí rọ́bà etí tó wà fún irú agbára bẹ́ẹ̀, òjò kì í sì í rọ̀ bẹ́ẹ̀.

## Àṣìṣe tí a ń rí lóòrèkóòrè

- Kí èèyàn fi gọ́ọ̀mù dí ihò tí omi ń gbà jáde, tó rò pé jíjò lòun ń wò sàn.
- Kí ó fi òróró tàbí epo bẹntiróòlù pa rọ́bà àti vinyl kó lè máa dán. Epo bẹ́ẹ̀ ń jẹ wọ́n. Èyí tí wọ́n fi sílíkónì ṣe ló bá rọ́bà mu.
- Kí ó ká ìbòrí aláṣọ nígbà tí yìnyín ti dì mọ́ ọn lára. Yóò sán ni.
- Kí ó ká ìbòrí tutù kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Èéhù á bò ó.
- Kí ó wakọ̀ nígbà tí ìbòrí wà ní ìdajì ṣíṣí láìso ó. Afẹ́fẹ́ lè ká a kúrò lójú ọ̀nà, kó sì bọ́ lu ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

## Ìkìlọ̀ tí kò ní àwíjàre

Ẹ má gbé èèyàn tàbí ẹranko sábẹ́ ìbòrí tó pa dé, ì báà jẹ́ ibi tí kò jìnnà. Ooru ibẹ̀ ń pọ̀ kíákíá, èéfín ọkọ̀ sì lè fà wọlé gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé lè wọ ibẹ̀ ṣeré. Ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti sílíńdà gáàsì kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Òórùn wọn ń kó jọ níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè, iná kékeré kan sì tó láti mú un gbiná.

## Bí ìbòrí kò bá bá yín mu

Ẹni tó ń kó ẹrù gíga lójoojúmọ́ á máa ṣí, á máa pa, títí ìbòrí á fi sú u. Ilé ẹ̀yìn tó ga dé orí awakọ̀ ló yẹ ẹ. Ó wúwo, àmọ́ ó ní ilẹ̀kùn àti gíláàsì tirẹ̀. Ẹni tí ẹrù tó lè bàjẹ́ kì í pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra àpótí oníke líle tí rọ́bà wà lẹ́nu ìdérí rẹ̀, kó so ó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Àní bí ẹ bá ti ní ìbòrí, ẹ̀rọ àti ìwé ṣì yẹ kó wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Tàpólì wà fún pàjáwìrì. Bí ẹ bá lò ó, ẹ jẹ́ kó ga láàárín kí omi lè ṣàn, kí ẹ sì so gbogbo etí rẹ̀ le, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá rí ibi kan gbà wọ abẹ́ rẹ̀ á ya á.

## Ìtọ́jú

- Ẹ máa gbá ewé àti iyanrìn kúrò lójú irin àti lórí rọ́bà. Iyanrìn díẹ̀ lábẹ́ rọ́bà ti tó láti fi àlàfo sílẹ̀.
- Bí páìpù bá wà, ẹ máa da omi díẹ̀ sẹ́nu rẹ̀ kí àsìkò òjò tó dé, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jáde nísàlẹ̀.
- Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ vinyl, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án.
- Ẹ fi sílíkónì pa rọ́bà etí àti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí oòrùn má baà mú wọn gan.
- Bí rọ́bà bá ti pẹlẹbẹ tí kò padà sípò mọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìbòrí fúnra rẹ̀ lè ṣì dára fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.